Ọmọ Tí Ìyá Nìkan Tọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí igba ènìyàn bá tú ká, tí bàbá pàápàá kò sí nílé, tí ó wá ku ìyá nìkan pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá kan, báwo ni ọmọ náà yóò ṣe dàgbà? Kí ni yóò pàdánù? Ǹjẹ́ ohun kan tilẹ̀ wà tí yóò jèrè?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá kan. A kò ní fún un ní orúkọ, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Òṣogbo àti ní Àkúrẹ́. Ó ń ta gààrí àti ẹ̀wà lọ́jà. Ọmọ mẹ́ta ni ó ní. Aago márùn-ún ìdájí ni ó ń jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti wẹ àbíkẹ́yìn, ó ti wá owó ọkọ̀ fún àkọ́bí, ó sì ti gbé igbá lọ sọ́jà. Alẹ́ ni ó ń dé. Nígbà tí ó bá fi dé, àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, ti se oúnjẹ, ó ti fọ aṣọ, ó sì ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà bọ̀ láti ilé-ìwé. Kò tí ì ṣe tirẹ̀ tí oorun fi gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ bèèrè ìdí tí kò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́. Olùkọ́ ní kí ó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Ó tún dákẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú ìdákẹ́jẹ́ méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní wà.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Àwọn ìyá anìkàntọ́mọ kì í ṣe oríṣìí kan. Opó wà nínú wọn, ẹni tí ikú gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Dálémosú wà nínú wọn, ẹni tí ó kó ẹrù kúrò nílé ọkọ tí ó sì padà sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkùnrin fún lóyún tí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ náà wà níbẹ̀. Aya ẹni tí ó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ láàyè ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ mọ̀ lórí tẹlifóònù. Kódà, obìnrin mìíràn wà tí òun àti ọkọ jọ ń sùn sí ilé kan náà, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ iye owó ilé-ìwé àti orúkọ olùkọ́ ọmọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe nípa iye ènìyàn àti ìlera jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ilé 100, nǹkan bí 18 ni ó jẹ́ pé obìnrin ni olórí ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ìyá anìkàntọ́mọ, ṣùgbọ́n iye náà tó láti fi hàn pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ènìyàn díẹ̀.

Ojú tí àwùjọ fi ń wo ìyá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ohun tí ọmọ sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò yàtọ̀ pẹ̀lú. Bí a bá rí ọmọ opó, a ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò dá ọ sí." Bí a bá rí ọmọ dálémosú, a ó ní ìyá rẹ̀ kò ní sùúrù. Bí a bá sì rí ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn ń sọ sí i kò ṣe é sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé ni ọmọ Yorùbá ń gbé. Bí bàbá ọmọ bá kú, ẹ̀gbọ́n bàbá wà, àbúrò bàbá wà, bàbá àgbà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dá dúró fún arákùnrin bàbá. Bí ọmọ bá fẹ́ ké sí i, "Bàbá" náà ni yóò pè é. Èyí kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀ nínú èdè. Èrò àwọn baba ńlá ni pé ikú ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sọ ọmọ di aláìníbaba. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ṣú opó fún mọ̀lẹ́bí ọkọ. Àṣà náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé a kì í sábà bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹnì kan sí ipò tí ó ṣófo. Ní ti ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí á rántí pé nínú ilé olórogún, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi èrè òwò rẹ̀ bọ́ ọmọ tirẹ̀. Kí obìnrin máa gbé bùkátà ọmọ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí ó máa gbé e láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a sọ ọ́.

Ìlú ńlá ni ó yí ọ̀ràn padà. Iṣẹ́ oṣù mú ọ̀dọ́ kúrò ní agbo ilé. Ilé onípalọ̀ àti yàrá àyágbé gba ipò àgbàlá. Aládùúgbò kò mọ orúkọ ara wọn mọ́. Ní ibi tí agbo ilé ti tú, ìsinmi ìyá ti tú pẹ̀lú.

Kí ni àwọn onímọ̀ rí? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí púpọ̀, Sara McLanahan àti Gary Sandefur tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1994. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí òbí kan ṣoṣo tọ́ ń fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ láìparí tó ìlọ́po méjì àwọn tí òbí méjèèjì tọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gba gbólóhùn yìí, wọn a sì fi na ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé náà kò dúró síbẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ náà ni ó jẹ́ ti owó tí ó dín kù nínú ilé. Ìdajì tí ó kù sinmi púpọ̀ lórí àkókò tí òbí ní láti bójú tó ọmọ, àti lórí kíkó kiri láti àdúgbò dé àdúgbò, èyí tí ń já ọmọ kúrò lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó yẹ kí á ronú lé: ọmọ opó ń ṣe dáadáa ju ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ọkùnrin nílé nìkan ni ó ń ba ọmọ jẹ́, ọmọ opó ni ì bá jìyà jù, nítorí pé bàbá tirẹ̀ kò lè padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1939 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé kí ìjọba máa san owó fún opó àti ọmọ òṣìṣẹ́ tí ó kú. Àánú àwùjọ wà fún un. Kò sì sí ìjà láàárín òkú àti alààyè.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Ní ọdún 1996, Cynthia Lloyd àti Ann Blanc tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè méje ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n Cameroon tí ó bá wa pààlà wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ohun ìní inú ilé bá dọ́gba, àwọn ọmọ tí ó wà nílé tí obìnrin jẹ́ olórí ń lọ sí ilé-ìwé ju àwọn tí ó wà nílé tí ọkùnrin jẹ́ olórí lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: bí náírà kan bá bọ́ sọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀, ọmọ ni ó kọ́kọ́ ń rò. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé náírà náà kò pọ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ, ohun mẹ́rin ni kí á wò.

Èkíní ni owó. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ọmọ tí a lé bọ̀ nílé nítorí owó ilé-ìwé ní ìgbà mẹ́ta nínú sáà kan yóò pàdánù ẹ̀kọ́, yóò sì pàdánù ìgboyà. Bí owó ilé bá tó san, tí onílé kò lé wọn jáde, tí oúnjẹ alẹ́ dájú, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìsàn ọmọ tí kò ní bàbá yóò lọ fúnra rẹ̀.

Èkejì ni àkókò. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ìyá tí ó lọ sọ́jà ní ìdájí tí ó dé lálẹ́ kò lè mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá rìn lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni ewu tí ó dojú kọ ọmọkùnrin wà: bí kò bá sí àgbà nílé, àwọn ọmọ ìta yóò fún un ní ẹgbẹ́, wọn yóò sì fún un ní ọ̀gá. Ọmọbìnrin náà ní ewu tirẹ̀. Òun ni ó ń di ìyá kékeré fún àwọn àbúrò rẹ̀, bí a ti rí i nínú àpẹẹrẹ òwúrọ̀ yẹn. Ó dára kí ọmọ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́; iṣẹ́ ilé kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ilé bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì di pé òun ni ìyá ń sọ gbogbo gbèsè àti ẹ̀dùn ọkàn fún, a ti gbé ẹrù àgbà lé orí ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá kan yóò máa wí fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá pé, "Ìwọ ni ọkọ mi báyìí." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti oríkì ni lẹ́nu ìyá, ní ọkàn ọmọ, ó lè di iṣẹ́ tí kò mọ bí yóò ti ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni àìdúró lójú kan. Ìwádìí mìíràn tí McLanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998 tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ó tó 5,000 tí a bí ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá tí kò gbé ìyá ọmọ níyàwó ni ó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ojúṣe wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún, púpọ̀ nínú wọn àti ìyá ọmọ ti pínyà. Ó hàn níbẹ̀ pé bí ọkùnrin bá ń wọlé tí òmíràn ń jáde nínú ayé ìyá, ìwà ọmọ a máa dàrú. Ọmọ lè fara da ilé tí ó ní òbí kan bí ilé náà bá dúró. Ohun tí ó ṣòro fún un ni kí ó máa kọ́ láti fẹ́ràn ẹni tí yóò lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìjà. Bí bàbá àti ìyá bá kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọ kò kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Síbẹ̀ wọn a máa fi ọmọ ránṣẹ́ èébú. Ìyá yóò ní, "Wo bí o ti ń ṣe bí bàbá rẹ olórí burúkú." Ọmọ náà yóò lọ wo dígí, yóò rí imú bàbá rẹ̀ lójú ara rẹ̀, yóò sì rò pé òun náà kò lè dára. Ẹ jẹ́ kí á ronú nípa oríkì. Oríkì orílẹ̀ tí a fi ń kí ọmọ, láti ìdílé bàbá ni ó ti sábà ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá, àwọn ìyàwó ilé, ni ó ń ki í sí ọmọ létí ní òwúrọ̀. Ìyá tí inú ń bí sí ọkọ á pa oríkì náà tì. Bí ó ti fi ń jẹ ọkọ níyà, ọmọ ni ó ń gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọlọ́gbọ́n a máa ki ọmọ rẹ̀ lọ, kódà bí bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, nítorí pé ti ọmọ ni oríkì náà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀ràn yìí ń gbà parí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1909, pàdánù bàbá rẹ̀ ní ọdún 1920, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìyà jẹ ẹ́. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó pọnmi, ó ṣẹ́gi kí ó lè rí owó ilé-ìwé san. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ó ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ní bàbá olówó ni ó ń rí i kà tẹ́lẹ̀ wá di ti ọmọ opó pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, Sonya Carson, tí kò kàwé kọjá ìpele kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ó dá tọ́ ọmọkùnrin méjì ní Detroit, tí ó ń fọ ilé olówó. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa ka ìwé méjì lọ́sẹ̀ kan láti ilé ìkàwé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ fún òun. Ben, ọ̀kan nínú wọn, di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ní ọdún 1987 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwọn ìbejì tí orí wọn lẹ̀ pọ̀. Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò sọ pé ìyà dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin ilé tí ó dúró ṣinṣin, ìwé, àti ọ̀nà tí ìjọba bá là, lè dí àlàfo tí ó wà níbẹ̀.

Èrè pàápàá wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá nìkan tọ́ ni ó tètè mọ iye tí owó jẹ́, tí ó mọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́, tí ó sì ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin nítorí pé ó ti rí ohun tí obìnrin lè gbé. Ilé tí ìjà kúrò nínú rẹ̀ sàn fún ọmọ ju ilé olóbìí méjì tí ìkúùkù ti ń fò lójoojúmọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Bàbá ni kí á kọ́kọ́ bá wí. Ìgbéyàwó lè tú. Ìjẹ́-bàbá kò tú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní ìwọ̀n agbára wọn. Kò sọ pé lọ́wọ́ ìyá nìkan. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 42, sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí bí a ti bí i. Kóòtù ìbílẹ̀ a máa pàṣẹ owó oúnjẹ ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin a san án fún oṣù méjì, wọn a sì dákẹ́. Àṣẹ tí kò sí ẹni tí ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ìwé lásán ni.

Ìyá pẹ̀lú ní ohun tí ó lè ṣe. Bí àkókò bá kéré, kí ó yà á sọ́tọ̀: ìdajì wákàtí tí kò sí òwò, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí ó jẹ́ ti ọmọ nìkan. Kí ó wá ọkùnrin kan tí ìwà rẹ̀ dára nínú mọ̀lẹ́bí, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tàbí bàbá àgbà, tí ọmọ yóò máa rí déédéé. Olùkọ́ náà, dípò kí ó máa sọ pé "Mú bàbá rẹ wá," kí ó sọ pé "Mú ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ wá." Ìyípadà ọ̀rọ̀ márùn-ún péré yìí lè gba ọmọ kan lọ́wọ́ ìtìjú. Ní ti mọ̀lẹ́bí, Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìyá kan kò tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa, kí ó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí òun bá a gbé ọmọ náà.

Àṣà kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí á jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá yanjú, a ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá bàjẹ́, a ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ ní ilé tí bàbá wà. Ní ilé tí bàbá kò sí, ìkà ni.

Ibi tí àsọyé yóò dúró sí nìyí, kí àwọn tí ó wà lórí àga lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù fún wọn. Èkíní: báwo ni a ó ṣe mú kí àṣẹ kóòtù lórí owó oúnjẹ ọmọ má jẹ́ ìwé lásán? Èkejì: kí ni ìlú ńlá lè fi rọ́pò agbo ilé tí ó ti tú? Ẹ̀kẹta ni ó le jù, ẹ̀yin òǹwòran náà sì lè bá wọn dáhùn rẹ̀ nílé: ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá tí ó dákẹ́ ní kíláàsì yẹn, nínú àwa tí a mọ̀ ọ́n, ta ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lálẹ́ òní?